Agogo Ìdájí, Garawa Méjì: Ìbéèrè Yín Lórí Ilé-Ìwé Bọ́dìn

Oṣù Kẹsàn-án ti ń sún mọ́lé, lẹ́tà àwọn òbí tí ọmọ wọn ń lọ sí bọ́dìn fún ìgbà àkọ́kọ́ sì ti kún orí tábìlì mi. Mo mú mẹ́ta nínú wọn, nítorí pé ohun tí wọ́n béèrè ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń fẹ́ béèrè. Kí n tó máa kọ̀wé síhìn-ín, mo fi ọdún méjìdínlógún ṣe ìyá ilé, ẹni tí àwọn ọmọ ń pè ní métírọ́ọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí olóòtú fi ní kí n dá yín lóhùn.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa. Ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nínú oṣù Kẹrin, ó yege nínú ìdánwò àṣewọlé, wọ́n sì ti fún un ní ààyè ní ọ̀kan nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọmọbìnrin ti ìjọba àpapọ̀. Inú bàbá rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní a fẹ́ lọ fi ọmọ tí kò tíì mọ aṣọ fọ̀ sílẹ̀ fún àjèjì. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lo ọjọ́ wọn níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí kíláàsì bá tán. Ṣé wọ́n tiẹ̀ máa ń ṣeré? — Ìyá Àkọ́bí, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú oríire, Ìyá Àkọ́bí. Ẹ bá mi kí ìyá wa, kí ẹ sì sọ fún wọn pé mo gba ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò, nítorí pé àwa tí à ń gbé inú ọgbà pàápàá kì í fọkàn balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn.

Agogo ni ọ̀gá ní bọ́dìn. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, rímù ọkọ̀ àtijọ́ kan ni wọ́n fi wáyà so kọ́ ara igi máńgòrò, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa fi irin lù ú lásìkò lọ. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni ó máa ń kọ́kọ́ dún. Àwọn ọmọ á dìde, wọ́n á gbàdúrà, kálukú á sì gba ìdí iṣẹ́ rẹ̀ lọ: ẹni tí yóò gbá yàrá, ẹni tí yóò fọ balùwẹ̀, ẹni tí yóò ṣa ìdọ̀tí iwájú ilé. Lẹ́yìn èyí ni ìwẹ̀, bẹ́ẹ̀dì títẹ́, oúnjẹ àárọ̀, ìpàdé òwúrọ̀ àti kíláàsì. Ní nǹkan bí aago méjì ni wọ́n ń jẹun ọ̀sán, kí wọ́n tó lọ sun oorun ọ̀sán tí wọ́n ń pè ní síẹ́sítà, èyí tí ọmọ tuntun kì í fẹ́ sùn ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ṣùgbọ́n tí a kì í lè jí i nínú rẹ̀ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Eré ìdárayá àti aṣọ fífọ̀ ló ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni oúnjẹ alẹ́ àti ìwé kíkà alẹ́ tí wọ́n ń pè ní prẹ́pù, kí wọ́n tó paná ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀ tàbí mẹ́wàá. Wákàtí lè yàtọ̀ láti ọgbà kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń lọ nìyẹn.

Ní ti eré, ẹ má ṣe mikàn. Òwúrọ̀ Sátidé le díẹ̀, nítorí pé ọjọ́ náà ni wọ́n ń ṣán koríko, tí wọ́n ń fọ gbogbo ilé, tí olùkọ́ yóò sì wá fi ìka ra orí fèrèsé láti wò ó bóyá eruku wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyẹn bá ti parí, àwọn ọmọ ló ni ọjọ́. Ẹgbẹ́ oríṣiríṣi wà: JETS fún àwọn tí ó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, Red Cross, ẹgbẹ́ òṣèré, ẹgbẹ́ oníjó ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ oníròyìn tí ń lẹ ìwé mọ́ pátákó. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní MSSN, ẹgbẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1954. Àwọn Kristẹni náà ní Scripture Union. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn. Ẹ̀yin náà á rántí àríyànjiyàn pé àgbẹ̀ ló dára jù tàbí dókítà. Mo rí ọmọ JSS 1 kan tí kì í lè kí àlejò láìwo ilẹ̀, tí ó dúró níwájú gbogbo ọgbà lálẹ́ Sátidé kan, tí ó ní kí dókítà tí ó bá rò pé òun ju àgbẹ̀ lọ kọ́kọ́ lọ jẹ abẹ́rẹ́ rẹ̀ lówùúrọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ ibi tí yóò fojú sí.

Ohun mìíràn ni ilé. Inú gbọ̀ngàn ibùsùn tí wọ́n bá fi ọmọ yín sí, orúkọ àti àwọ̀ ilé yẹn ni yóò máa jẹ́ títí yóò fi jáde. Ọ̀dọ̀ àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà yìí ti wá. Ní Government College, Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, ilé Grier àti ilé Swanston wà lára àwọn tí orúkọ wọn kò kúrò lẹ́nu àwọn tó kàwé níbẹ̀ títí dòní. Ìdíje eré ìdárayá ilé-sí-ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà kejì ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ palẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti kọ́ bí wọn yóò ṣe yan bí ológun lọ́jọ́ ìdíje, ọmọ tí kò sì lè sáré á máa pọn omi fún àwọn tí ń sáré, á sì máa sọ pé “a gba ipò kejì” bí ẹni pé ẹsẹ̀ òun ló gbà á.

Ẹ ní ìyá wa pe àwọn ará ibẹ̀ ní àjèjì. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ṣe dá irú ilé-ìwé tí ọmọ yín ń lọ sílẹ̀. Ní 1966 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí mẹ́ta àkọ́kọ́, ní Sókótó, Warri àti Okposi, kí àwọn ọmọ láti gbogbo ẹ̀yà lè gbé pọ̀, kí wọ́n sì dàgbà pọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ Ìdómà sun òkè bẹ́ẹ̀dì onípele méjì tí ọmọ yín ń sun ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ọmọ Kànúrí sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Kí sáà tó parí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti máa rẹ gàrí sínú abọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á máa jà lórí ẹni tí ó bu kúlíkúlí jù, wọ́n á sì ti mọ èébú ní èdè mẹ́ta. Èyí tí ó kẹ́yìn yẹn kò sí nínú ètò ìjọba.

Ẹkún á wà o. Ọmọ kan jókòó lórí àpótí rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n já a sílẹ̀ títí agogo ìpaná fi dún, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní ìyá òun ló ká àwọn aṣọ tó wà nínú rẹ̀, òun kò fẹ́ kí ó dàrú. N kò ní kí ó má sunkún. Mo fún un ní aṣọ ìsùn mi kan tí ó wọ́ nílẹ̀, ó sì fi sùn. Ọjọ́ kẹta ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àpótí náà.

Ní ti aṣọ fífọ̀, òótọ́ ni ìyá wa sọ. Ẹ fi àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó kù kọ́ ọ bí a ti ń fọ ọrùn ẹ̀wù, ìbọ̀sẹ̀ àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ nínú omi garawa kan péré, nítorí pé omi kì í fìgbà gbogbo yọ. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ nípa nǹkan oṣù kí ó tó lọ, kí ẹ sì fi páàdì sínú àpótí rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí ó rò pé òun ń kú lọ. Bí ó bá ní fònìíkú-fọ̀ladìde (sickle cell) tàbí ikọ́ fée, ẹ má fi í pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù ìlera nítorí ìtìjú. Ọmọ tí a kò bá mọ̀ pé ó ní in, a ó jí i láti fi omi tútù wẹ̀ nínú ọyẹ́ bíi ti àwọn yòókù.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ń lọ sí JSS 2 ní bọ́dìn kan tí n kò ní dárúkọ. Nígbà ìsinmi yìí ni ó jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé sínníọ̀ kan máa ń jí òun lóru láti lọ pọn omi, pé ó ti fọ́ kọ́bọ́ọ̀dù òun, ó sì ń fi bẹ́líìtì na òun. Kò fẹ́ padà. Àwọn àbúrò mi ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ṣe jìyà tí àwọn fi gbọ́n. Kí ni kí n ṣe? — Bàbá kan ní Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun, bàbá, tí ẹ kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Àwọn àbúrò yín kò purọ́ pé àwọn jìyà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ nípa àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ìyà lé kúrò níbẹ̀.

Àṣà kan wà tí kò burú, tí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà fi ń mú ọmọ tuntun ṣe ọmọ. Ọmọ náà lè bá a gbé oúnjẹ láti gbọ̀ngàn ìjẹun, àgbà náà á máa bá a wo iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyà jẹ ẹ́. Ojú ọ̀sán ni ó ń wáyé, métírọ́ọ̀nù mọ̀ nípa rẹ̀, ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni láti sọ ọ́. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ yín kì í ṣe irú rẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òru ọjọ́ kan, mo bá ọmọ JSS 1 kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì, garawa méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé ta ló ni wọ́n. Ó ní, “Tèmi ni, mà.” Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lára; orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ síbẹ̀, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ SS 2 kan ni. Nígbà tí mo ní kí ó la ọwọ́, irin garawa ti bó o ní àtẹ́lẹwọ́. Ìgbà kẹrin tí yóò pọn omi lóru yẹn nìyẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá, wọ́n ní kí n má sọ ọ́ di ńlá, mo sì gbà fún wọn. Ó ń dùn mí di òní.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kí ẹ má sọ ọ́ di ńlá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ gbogbo rẹ̀ fún yín láìsí ìjà, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò ojú egbò bí ó bá wà. Ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé kí sáà tó wọlé, kí ẹ mú lẹ́tà dání, kí ẹ sì ní kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tí yóò wà lọ́wọ́ yín. Láti 1982 tí ètò 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti pín girama sí ọdún mẹ́ta kékeré àti ọdún mẹ́ta àgbà. Ẹ béèrè ìdí tí ibùsùn wọn kò fi pín bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni àgbà tí ń sun inú ilé náà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé pirífẹ́ẹ̀tì ló ń bójú tó wọn lóru, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ti gbà wọlé, kò fàyè gba kí a fi ìyà tí ó tàbùkù ènìyàn jẹ ọmọdé. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe é léṣe gan-an, tàbí pé wọ́n fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ lára rẹ̀, ilé ìwòsàn àti àgọ́ ọlọ́pàá ni ẹ ó kọ́kọ́ gbà lọ, kí ẹ tó lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé.

Ẹ má sì fi dandan mú un padà lọ́jọ́ kìíní. Ilé-ìwé tí ó dára tí ọmọ ti ń lọ láti ilé náà wà.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Ìyá wa, àwọn ìbejì mi ọkùnrin ń wọ JSS 1. Ìwé tí ilé-ìwé fún wa gùn, owó kò sì tó. Kí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú àpótí? — Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN

Ẹ dín ìpápánu kù. Àpótí tí ó kún fún bisikíìtì àti mílíìkì ni olè máa ń kọ́kọ́ fọ́. Gàrí, ṣúgà díẹ̀ àti ẹ̀pà tó títí di ọjọ́ àbẹ̀wò. Ẹ má gbé fóònù fún wọn, wọn yóò gbà á. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, sálúbàtà, garawa tí ó lágbára àti ìró ìbora kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó rà.

Ẹ kọ orúkọ sára ohun gbogbo, títí kan inú bàtà, kí ẹ sì kọ Táíwò àti Kẹ́hìndé ní kíkún, nítorí pé orúkọ bàbá nìkan kò ní ya ẹrù ìbejì sọ́tọ̀. Mo fẹ́ràn kí wọ́n wà ní ilé kan náà ṣùgbọ́n ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ lè bẹ métírọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀. Ẹ ra àgádágodo tí ó ní kọ́kọ́rọ́ méjì méjì, kí ẹ sì fa ẹyọ kọ̀ọ̀kan lé métírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń já wọn sílẹ̀, nítorí pé kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì á ti sọ tirẹ̀ nù.