Ọrùn adìẹ mi ń yí, àǹtíbáyótíìkì wo ló lágbára jù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Layer 200 ni mo ń sìn lẹ́yìnkùlé wa l'Ọ́yọ̀ọ́, wọ́n ti pé oṣù mẹ́rin. Ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n ti ń yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé, àwọn kan ń wọ́ ẹsẹ̀, ọrùn àwọn míì yí sẹ́yìn. Mo ti fún wọn ní tẹtra (àǹtíbáyótíìkì tetracycline), mo fún ewúro àti àlùbọ́sà sómi wọn, wọ́n ṣì ń kú. Ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ fún mi ní kí n po Lasota mọ́ àǹtíbáyótíìkì tó le, kí n fún wọn pọ̀. Èwo ló lágbára jù?

ÌDÁHÙN: Ò sí èyí tó lágbára jù. Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, ìbéèrè yìí ti sú mi nítorí gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá ti dé ni wọ́n ń bi mí, ẹ ò dẹ̀ sọ fún mi bóyá àwọn adìẹ yẹn gba àjẹsára rí, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Ó jọ lúkúlúkú, èyí táwa ń pè ní Newcastle. Mo ní ó jọ o, mi ò tíì rí wọn. Bird flu náà lè ṣe báyìí, láti 2006 ló ti wọ Nàìjíríà, torí ẹ̀ ẹ pe dókítà ẹran ìjọba tó wà nítòsí yín kó wá la òkú ọ̀kan wò, ẹ má dá a là fúnra yín.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa Newcastle. Bakitéríà sì ni àǹtíbáyótíìkì ń pa, fáírọ́ọ̀sì ò rí tiẹ̀ rò, inú ara adìẹ gan-an ló ń wọ̀ lọ máa bí sí i. Ẹni tó bá ń fi àǹtíbáyótíìkì lé Newcastle, májèlé eku ló ń fi lé ẹ̀fọn. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé òun lò ó, adìẹ òun sì yè. Òótọ́ ni pé àwọn kan yè, àwọn kan á yè náà bí ẹ ò bá fún wọn ní nǹkankan! Nígbà míì bakitéríà ti gun orí àìsàn náà, oògùn á lé ìyẹn, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe Newcastle látilẹ̀. Ewúro ò pa wọ́n lára, kò dẹ̀ wò wọ́n.

Ti Lasota tí ọ̀rẹ́ yín sọ yẹn ló bí mi nínú jù. Àjẹsára ni, kì í ṣe oògùn. Fáírọ́ọ̀sì Newcastle tó wà láàyè àmọ́ tí kò lágbára ló wà nínú ẹ̀, ara adìẹ tó le ló yẹ kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jà, ó dẹ̀ máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wá fẹ́ gbé e fún èyí tó ti ń yí ọrùn? Àwọn míì á rà á lọ́jà, wọ́n á so ó mọ́ ọ̀kadà nínú oòrùn délé, wọ́n á dà á sí omi ẹ̀rọ tó ní kúlórínì, ó ti kú kó tó débẹ̀. Inú áìsì ni kó wà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ fi omi du adìẹ fún bíi wákàtí kan sí méjì kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn, kí wọ́n sì mu ún tán láàárín wákàtí méjì.

Adìẹ oṣù mẹ́rin yẹ kó ti gba àjẹsára Newcastle mẹ́ta: Hitchner sójú nígbà tó wà lọ́mọ ọjọ́ kan, Lasota ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Komarov tí wọ́n ń gún sẹ́ran ara ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Vom ní Plateau ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n. Dókítà yín lè yí ọjọ́ wọn padà díẹ̀, ẹ tẹ̀ lé tiẹ̀.

Ní báyìí, ẹ ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀, ẹ máa kọ́kọ́ tọ́jú àwọn tó le kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹnikẹ́ni má wọlé wá wò wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó àwọn tó ń kú lọ jù sọ́jà ní ẹ̀dínwó, báyẹn ló ṣe ń dé fáàmù ẹlòmíì. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn kẹ́ ẹ sin òkú wọn. Bí àwọn tó bá ṣẹ́kù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yé, ẹ wo ara páálí tẹtra yẹn fún iye ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ fi dúró kẹ́ ẹ tó ta ẹyin. Tó bá dẹ̀ jẹ́ kápúsù ènìyàn lẹ tú sómi, wọn ò kọ nǹkankan nípa adìẹ síbẹ̀, ẹ bi dókítà tó bá wá.