Kí Ló Dé Tí Ṣáínà Kò Fi Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Àríwá Kòríà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Wíìgì ni mo ń tà ní ọjà Balógun, láti Ṣáínà sì ni ọjà mi ti ń wá. Ẹnìkan sọ fún mi pé Àríwá Kòríà ni wọ́n ti ń hun díẹ̀ nínú irun tí Ṣáínà ń tà káàkiri. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kì í ṣe ìlú tí wọ́n ní kí gbogbo ayé má bá ṣòwò mọ́ nìyẹn? — Ìyá Oníwíìgì, Èkó.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, Ìyáa wa. Àwọn oníṣòwò Ṣáínà a máa kó irun orí ènìyàn ránṣẹ́ sí Àríwá Kòríà, níbi tí owó iṣẹ́ ti kéré sí tiwọn, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ a sì fọwọ́ hun ún di wíìgì àti ìpéǹpéjú àtọwọ́dá kí wọ́n tó dá a padà. Bí ó bá ti padà dé Ṣáínà, orúkọ Ṣáínà ni wọn yóò kọ sára páálí rẹ̀. Ní ọdún 2023, irú ọjà yìí gba nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tí Àríwá Kòríà tà fún Ṣáínà, iye rẹ̀ sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 167 dọ́là.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò fòfin de irun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ní òfin tirẹ̀ tí kò gba ọjà Àríwá Kòríà láàyè. Ọdún 2006, nígbà tí Àríwá Kòríà dán bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ wò, ni ìjẹníyà náà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2017 ni ó tó le gan-an: Ìgbìmọ̀ Ààbò àjọ náà fòfin de èédú, irin, òjé, ẹja àti aṣọ tí Àríwá Kòríà ń tà sókè òkun, wọ́n ní epo fífọ̀ tí yóò máa rà kò gbọdọ̀ ju 500,000 àgbá lọ́dún, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó wà nílẹ̀ òkèèrè padà sílé kí ọdún 2019 tó parí. Èédú àti aṣọ ni ó ń mú owó gidi wọlé tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dí ọ̀nà wọ̀nyẹn pa ni irun di ọ̀gá ọjà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣáínà wà lára àwọn tó dìbò fún òfin wọ̀nyí, òun náà ló sì ń bá Àríwá Kòríà ṣòwò jù. Ṣé ọ̀rọ̀ ká fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí ká fi tòsì fà á mọ́ra ni, àbí èrè ló ń wá? — Olùkọ́ kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Èrè kọ́, Olùkọ́. Òwò tí àwọn méjèèjì bára wọn ṣe ní ọdún 2024 jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 2.2 dọ́là. Lójú Àríwá Kòríà, èyí lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbogbo òwò rẹ̀. Lójú Ṣáínà, tí òwò rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ayé kọjá tírílíọ̀nù 6 dọ́là lọ́dún náà, owó ẹ̀kọ ni.

Ẹ̀rù ìṣubú ìjọba Àríwá Kòríà ni ó ń ba Ṣáínà. Odò Yalu àti odò Tumen ló pààlà wọn, ààlà náà sì gùn ju kìlómítà 1,300 lọ. Ní ọdún 1950, nínú Ogun Kòríà, nígbà tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ń sún mọ́ Yalu, Ṣáínà rán àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ sọdá láti dá wọn padà. Bí ìjọba Pyongyang, olú ìlú Àríwá Kòríà, bá wó lónìí, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni yóò sá sọdá odò, Amẹ́ríkà tó ní ọmọ ogun ní Gúúsù Kòríà sì lè wá tẹ̀dó sí etí ilẹ̀ Ṣáínà. Nítorí náà ni epo rọ̀bì fi ń gba inú ọ̀pá kọjá láti Dandong, ìlú Ṣáínà tó wà létí odò Yalu, òfin tí Ṣáínà fọwọ́ sí náà sì yọ̀ǹda mílíọ̀nù 4 àgbá rẹ̀ lọ́dún.

Ibi tí òwe yín kò ti bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni pé Àríwá Kòríà kò gbà pé ọmọ ẹnikẹ́ni ni òun. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ọjọ́ tí Xi Jinping, Ààrẹ Ṣáínà, ń gba àlejò àwọn ìjọba BRICS (Brazil, Rọ́ṣíà, Íńdíà, Ṣáínà àti South Africa) ní ìlú Xiamen, ni Kim Jong Un, olórí Àríwá Kòríà, dán bọ́ǹbù rẹ̀ tó lágbára jù wò. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n ka sí Jang Song Thaek, ọkọ àbúrò bàbá rẹ̀, lọ́rùn kí wọ́n tó pa á ní ọdún 2013 ni pé ó ta ilẹ̀ Rason, agbègbè ìṣòwò Àríwá Kòríà tó wà nítòsí ààlà Ṣáínà, fún àjèjì. Wọn kò dárúkọ àjèjì náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Ṣáínà ni. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, Pyongyang fúnra rẹ̀ ló ti ààlà pa ní ọdún 2020, òwò tó tó bílíọ̀nù 2.8 dọ́là ní ọdún 2019 sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 318 ní ọdún 2021. Ìjẹníyà kankan kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Rọ́ṣíà lo agbára tó ní nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò láti wọ́gi lé ìpinnu, ó sì fi fòpin sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìjẹníyà náà. Ṣáínà kò dìbò fún un, kò sì dìbò takò ó. Ní Dandong, afárá tuntun tí Ṣáínà náwó sí, tí wọ́n kọ́ tán ní ọdún 2014, wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ọkọ̀ tó gba orí rẹ̀ kọjá, orí afárá àtijọ́ tí àwọn ará Japan kọ́ tán nígbà Ogun Àgbáyé Kejì sì ni ẹrù ṣì ń gbà.