Abẹ́rẹ́ apá ìkókó, àti ẹni tó ń húkọ́ nínú ilé

Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ ní ọmọ yín ti lé ní ọ̀sẹ̀ 3, kò sì tíì gba abẹ́rẹ́ ikọ́ ife, torí wọ́n ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn nígbà tí ẹ gbé e lọ. Aládùúgbò yín ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, sì ń sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn ba apá ọmọ tòun jẹ́, ó ṣọyún. Ẹ wá ń rò ó bóyá kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ kàn mẹ́nu bà, òun gan-an ló mú mi dá sí i: ẹ ní bàbá ọkọ yín tó wà lọ́dọ̀ yín ti ń húkọ́ láti ìgbà ọyẹ́. Màá dé ibẹ̀.

Ti pé wọ́n dá yín padà, ẹ má bínú sí wọn. Ìgò abẹ́rẹ́ náà kan, 20 ọmọ ló wà fún. Bí nọ́ọ̀sì bá ti fi omi pò ó, wákàtí 6 péré ló ní, èyí tó bá ṣẹ́kù di dídànù. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn alábọ́dé fi máa ń dá ọjọ́ kan sọ́tọ̀, kí ọmọ lè pọ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ náà, kí ẹ sì tètè dé. Bó bá jìnnà, ẹ lọ béèrè níbi tí ìbí ti pọ̀, irú bí ilé ìwòsàn ìjọba ní Asùbíàró. Ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ tí a bí ọmọ ló yẹ kó gbà á, òun àti ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kán sẹ́nu.

Ní ti apá, aládùúgbò yín kò purọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Apá òsì lókè ni wọ́n ń gún, inú awọ ló ń dúró, kì í wọ ẹran. Bí nọ́ọ̀sì bá gún un dáadáa, ojú ibẹ̀ á wú funfun bí ẹ̀gúsí kan. Kí ẹ tó délé, ó ti rọlẹ̀. Tó bá wá di bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 6, ibẹ̀ á pọ́n, á le, á ṣọyún, á bẹ́, á di egbò kékeré. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Láàárín oṣù 3 á ti jinná, àpá á kù síbẹ̀. Ti àkọ́bí mi bẹ́ sára aṣọ funfun láàárọ̀ kùtù. Ìyá ọkọ mi gbé ọ̀rí àti ewé jáde, ẹlòmíràn gbé sípírítì, ẹlòmíràn ní ká fi bándéèjì dì í. Mo kọ̀ fún gbogbo wọn, ẹjọ́ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà kò kéré. Omi mímọ́ ni mo fi ń ṣàn án, mo ń fi aṣọ mímọ́ nu ún gbẹ, mo sì ń wọ̀ ọ́ láṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ kí ọyún jáde, ẹ má fi kànrìnkàn ha á, ẹ má fi ohunkóhun ra á. Bí kókó ńlá bá so lábíyá apá òsì, tàbí tí egbò náà ń fẹ̀ sí i, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Bí àpá kò bá sì hàn rárá, wọn kì í tún un gún.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá. Èyí ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ yìí mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kó dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ikọ́ ife tó ń gun ọpọlọ àti èyí tó ń fọ́n ká gbogbo ara. Irú ìyẹn ló ń pa ìkókó, kì í sì í fún ìyá láyè. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ kì í ṣe pé ọmọ tó ti gbà á lè máa sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní ikọ́ ife, kí ọkàn yín sì balẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Àbúrò bàbá ọkọ mi ń ta èlùbọ́, yàrá kejì sí tiwa ló ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ń húkọ́, wọ́n ní lẹ́búlẹ́bú èlùbọ́ ni. Ó ń rù, wọ́n ní wàhálà ọjà ni. Oògùn ikọ́ olómi ló ń rà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ìgò kan ń tẹ̀lé òmíràn. Lálaalẹ́ ló sì máa ń gbé ọmọ mi kejì lé àyà, torí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura, nígbà tí òógùn òru ń rẹ aṣọ ibùsùn wọn gbingbin, tí ooru kò sì mú. Wọ́n fi ẹ̀rọ GeneXpert yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Ikọ́ ife ni.

Ọmọ mi ti gba abẹ́rẹ́, àpá wà lápá rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ní kí n gbé e wá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò tíì di àìsàn sí i lára, ni wọ́n bá kọ oògùn isoniazid fún un, oṣù 6, kí ó má baà di àìsàn. Kò rọrùn láti máa fi oògùn sẹ́nu ọmọ tó ń ṣeré, tí gbogbo ẹbí ń bi yín pé kí ló ń ṣe é. A lò ó tán. Bàbá náà lo tirẹ̀ tán, lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì padà sí ìsọ̀ rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ nípa abẹ́rẹ́ yìí pé oògùn tuntun ni wọ́n fẹ́ fi dán ọmọ yín wò, ọdún 1921 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún ìkókó kan ní Paris, ẹnu ni wọ́n sì gbà fún un nígbà náà. Ikọ́ ife ti pa ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ìyá àgbà tó fẹ́ tọ́ ọ náà sì ní in. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹni tó ń húkọ́ nílé ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mo mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í kọjú sí bàbá ọkọ kó ní kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló bá wa sọ ọ́. Kò dárúkọ àrùn kankan, ó ní: “Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2 kì í ṣe ti ọyẹ́ mọ́, ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ ohun tó jẹ́.” Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n sì bá bàbá lọ. Kí èsì tó jáde, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí bàbá máa fi aṣọ bo ẹnu tó bá ń húkọ́, kí ọmọ má sùn sí yàrá rẹ̀. Ẹ má ya abọ́ àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ ó kàn dójú tì í lásán ni. Afẹ́fẹ́ ni àrùn náà ń bá rìn.

Ẹ má tìtorí èsì bàbá jókòó sílé. Ẹ gbé ọmọ àti káàdì rẹ̀ lọ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó gún un pé ẹnì kan ń húkọ́ nílé. Kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà, isoniazid sì lè pa kòkòrò náà. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ikọ́ ife ni ti bàbá, wọ́n lè ní kí ọmọ lo oògùn tán ná kó tó gba abẹ́rẹ́. Àwọn ló máa mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú.