Ìbéèrè Yín Lórí Ilé Kíkọ́: Ibi tí owó ń gbà lọ nígbà tí a bá wó ilé àtijọ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí: ilé àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ wó, kí wọ́n lè kọ́ tuntun síbẹ̀. A mú márùn-ún nínú wọn.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ilé bàbá wa ní Ṣómólú la fẹ́ wó. Ilé ilẹ̀ ni, yàrá mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàrin. Ó gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 9. Agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta ló ti wá wò ó. Owó tí ẹni àkọ́kọ́ pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹni kẹta. Ta ni ká gbà gbọ́?*

Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má purọ́ nínú wọn, kó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n díye lé ni kì í ṣe ọ̀kan náà. Wíwó ilé ilẹ̀ kì í pẹ́, kátápílà lè fi ọjọ́ kan parí ẹ̀. Kíkó àwókù rẹ̀ kúrò nílẹ̀ ló ń jẹ owó, ìrìn ọkọ̀ sì ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ka ìrìn ọkọ̀ kí ẹ tó ka náírà.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé yín ṣírò ó. Ògiri ìta yípo ilé jẹ́ mítà 42. Ògiri méjèèjì tó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú jẹ́ 24. Ògiri mẹ́rin tó pín yàrá sí yàrá jẹ́ nǹkan bíi 15. Gbogbo rẹ̀ di mítà 81. Tí ògiri bá ga ní mítà 3, tí búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9 pẹ̀lú rírẹ́ ojú méjèèjì sì nípọn tó ìdá mẹ́rin mítà, ó di kúbíìkì mítà 61. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó ku 55. Kọnkéré ilẹ̀ inú ilé, tó bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, jẹ́ 11. Kọnkéré ìpìlẹ̀ jẹ́ 12, búlọ́ọ̀kù tó wà lórí rẹ̀ nínú ilẹ̀ sì jẹ́ 11. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 89.

Ẹ má tíì dúró síbẹ̀ o. Ògiri tó bá ti fọ́ ń gba àyè ju èyí tó wà lóòró lọ. Bó bá ti di òkìtì, ẹ fi ìdajì lé iye rẹ̀. 89 á di nǹkan bíi 133. Típà ńlá tó ń gbé tọ́ọ̀nù 20 ń kó bíi kúbíìkì mítà 14 àwókù lẹ́ẹ̀kan, torí náà ìrìn 10 ni. Bí àdúgbò yín bá há tí típà ńlá ò lè wọlé, tó jẹ́ típà kékeré tọ́ọ̀nù 5 lẹ máa lò, á tó nǹkan bíi ìrìn 35. Ẹ wá rí ìdí tí wíwó irú ilé kan náà fi máa ń wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó ju Ògbà lọ.

Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ìrìn mélòó lẹ ṣírò? Ṣé ìpìlẹ̀ wà nínú owó tẹ́ ẹ pè, àbí ojú ilẹ̀ lẹ máa dúró sí? Ibo lẹ fẹ́ lọ dà á sí? Ìbéèrè kejì yẹn ló sábà máa ń tú àṣírí owó kékeré. Ìpìlẹ̀ àti kọnkéré ilẹ̀ yín nìkan lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ẹrù. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ ti fi apá tó le jù sílẹ̀ fún ẹni tó máa kọ́ ilé. Ìbéèrè kẹta náà ṣe pàtàkì. Bí ọkọ̀ bá lọ da ẹrù sínú kánáàlì lóru, onílé ni ìjọba máa wá.

Ẹ lè dín ẹrù náà kù. Bí ilẹ̀ ilé tuntun bá máa ga ju ti àtijọ́ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 45 (ó sì yẹ kó ga, nítorí pé títì Èkó ń ga sí i ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe), ẹ ó nílò nǹkan bíi kúbíìkì mítà 48 láti fi kún inú ìpìlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù fífọ́ àti kọnkéré tí ẹ fọ́ wẹ́wẹ́ lè wọ ibẹ̀, ẹ ò ní ra yanrìn fún apá yẹn. Ẹ ṣà gbogbo igi, sílíìnì àti bébà kúrò nínú ẹ̀. Igi tó bá wà lábẹ́ ilẹ̀ ilé máa jẹrà, á fa ikán, ilẹ̀ á sì rì síbẹ̀.

*Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni tiwa, ní Òkè Pópó. Ilé aládùúgbò fara ti tiwa, ògiri kan náà la jọ ń lò. Ó ti ní bí ilé òun bá sán, ilé ẹjọ́ la ó ti pàdé. Báwo la ṣe máa wó tiwa láìba tirẹ̀ jẹ́, èló ló sì máa fi kún owó wa?*

Ẹ má bínú sí aládùúgbò yín, ẹ̀rù rẹ̀ tọ́. Ògiri alámọ̀ tó ti fara ti òmíràn láti ọjọ́ pípẹ́ kì í dá dúró dáadáa mọ́ tí wọ́n bá mú èkejì kúrò.

Kí òòlù kankan tó kan ilé, ẹ lọ sí inú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ẹnjiníà yín àti aládùúgbò fúnra rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀, kí ọjọ́ tẹ́ ẹ yà á hàn lórí ẹ̀. Ẹ po sìmẹ́ǹtì díẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ibi tó sán, kó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, kó tẹ́ pẹlẹbẹ, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i lára kó tó gbẹ. Bí sìmẹ́ǹtì yẹn bá là láàrin, ògiri ti ń rìn nìyẹn, ẹ dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà. Nǹkan tí kò tó àpò sìmẹ́ǹtì kan lè gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ lọ́yà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti igi mọ́ ògiri rẹ̀ láti ìta: ìtì igi ínǹṣì 4 sí 4, kí ọ̀kan má jìnnà sí èkejì ju mítà 2 lọ, kí ẹsẹ̀ wọn dúró lórí pákó tó fẹ̀, kì í ṣe lórí yanrìn lásán. Ẹnjiníà ló máa sọ bó ṣe máa ga tó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí ẹ jọ ń lò, kátápílà ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ọwọ́ àti òòlù kékeré ni.

Ibi tí jàǹbá ti sábà ń ṣẹlẹ̀ rèé: igi àjà. Nínú ilé àtijọ́, orí igi àjà yín lè ti wọ inú ògiri aládùúgbò láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Lébúrà á rí igi tó dára, á fà á. Igi á jáde pẹ̀lú odidi òkìtì amọ̀, ihò á sì yọ sí yàrá ẹlòmíì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á. Kí wọ́n fi ayùn gé e ní ojú ògiri, kí wọ́n fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

Láti òkè ni kí wọ́n ti máa wó o bọ̀: páànù, igi òrùlé, ògiri òkè, àjà, kí wọ́n tó kan ìsàlẹ̀. Wọn ò sì gbọdọ̀ to àwókù jọ sórí àjà. Kúbíìkì mítà kan àwókù wọ̀n tó kílò 1,300. Déékì ilé gbígbé tí wọ́n kọ́ dáadáa pàápàá, nǹkan bíi kílò 150 ni wọ́n ṣírò fún ẹrù àti èèyàn lórí mítà kan níbùú àti mítà kan lóòró. Bí òkìtì bá ga tó mítà kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́sàn-án, kí á má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti àjà onígi. Bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ṣe ń bá ilé wọlẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú bẹ̀ yín lórí èyí.

Nígbà tí ilé yín bá ti lọ, ojú ògiri rẹ̀ tí òjò ò tíì pa rí máa yọ síta. Amọ̀ ni, òjò ńlá méjì lè fọ̀ ọ́ lọ. Ẹ fi tapólì bò ó lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì rẹ́ ẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ̀ẹ̀rùn, láàrin oṣù 11 sí oṣù 2, ni ká bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí.

Ní ti owó: iṣẹ́ ọwọ́ máa gùn ju ti kátápílà lọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ògiri alámọ̀ mìíràn nípọn tó ínǹṣì 18, nítorí náà ẹrù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti búlọ́ọ̀kù. Ẹ tún fi owó igi, ẹnjiníà àti rírẹ́ ògiri aládùúgbò kún un. Owó tiyín ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ béèrè bóyá ilé náà wà lára àwọn tí ìjọba ń dáàbò bò. Ní 2016 ni wọ́n wó Ilọ́jọ̀ Bar ní ojúde Tinúbú, ilé ọdún 1855 tí ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ohun tó lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ padà.

*Ẹnì kan ní òun máa bá mi wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi ní Múṣín lọ́fẹ̀ẹ́, pé kí n kàn jẹ́ kí òun kó irin àti pákó. Ṣé kí n gbà?*

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fún un. Déékì tó jẹ́ mítà 10 sí mítà 10, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, lè ní irin bíi tọ́ọ̀nù kan sí tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ nínú. Kílò ni àwọn tó ń ra àlòkù irin fi ń rà á, ẹ lọ béèrè iye kílò kan lọ́wọ́ wọn. Òrùlé àtijọ́ sì lè jẹ́ ìrókò tàbí apá, igi tí ẹ ò ní rí rà nírọ̀rùn lónìí. Ẹ kan án pẹ̀lú òòlù. Bó bá dún gan-an, tí ẹ ò rí ìyẹ̀fun ikán, ẹ pa á mọ́ fún ilé tuntun. Ẹ má tún irin àtijọ́ lò ní tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ tí wọ́n tún nà kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀.

Wàhálà irú àdéhùn yìí ni pé irin ló ń mú ẹni náà dúró. Bí irin bá ti tán, ó lọ nìyẹn, òkìtì àwókù á kù fún yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tó máa parí, pé ìpìlẹ̀ wà nínú ẹ̀, pé ilẹ̀ máa mọ́ pátápátá. Kí irin déékì má kúrò nínú ọgbà títí ìdajì àwókù á fi lọ.

Tí òrùlé tàbí sílíìnì bá jẹ́ asbestos, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ tú ìṣó rẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní odidi, ẹ wé e sínú ọ̀rá tó nípọn. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, aṣọ tí wọ́n dì mọ́mú ò sì lè dá a dúró.

*Mo fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ wa ní Ẹ̀búté Mẹ́ta sílẹ̀, kí n kọ́ alájà mẹ́ta lé e lórí kí owó lè dínkù. Bíríkìlà mi ní ó ṣeé ṣe.*

Rárá, ẹ má ṣe é. Ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ ní mílímítà 675, ó nípọn ní 225, kò sì ní irin nínú. Páànù àti ògiri àjà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò jinlẹ̀ kí ẹnjiníà tó ya ìpìlẹ̀ tuntun. Lápá ibi tó sún mọ́ ọ̀sà, yanrìn lè wà lókè kí amọ̀ rírọ̀ wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá gbẹ́ mítà kan péré ò ní rí i.

Ẹ tún wá kànga àti ṣáláńgá àtijọ́. Ẹ bi àwọn àgbà ilé, ẹ fi irin gígùn gún ilẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ má da àwókù sínú ẹ̀. Ẹ fa omi àti ẹrẹ̀ jáde títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ líle, kí ẹ wá fi yanrìn kún un ní ìpele sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ máa gún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òmíràn tó gorí ẹ̀. Òpó kankan ò gbọdọ̀ dúró lórí ẹ̀. Owó tí ẹ fẹ́ fi ìpìlẹ̀ pamọ́ yẹn, ibí yìí ni kó wá.

*Ayálégbé mẹ́rin ṣì wà nínú ilé. Ṣé mo lè ṣí òrùlé kí wọ́n lè tètè lọ? Ìwé wo ni mo sì gbọ́dọ̀ gbà?*

Ẹ má ṣí i. Lábẹ́ òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011, ayálégbé ọlọ́dún ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù 6, olóṣooṣù ní oṣù kan, lẹ́yìn rẹ̀ nótíìsì ọjọ́ 7, kí ẹ tó lọ ilé ẹjọ́. Ẹ ka àkókò yìí mọ́ owó iṣẹ́ yín.

LASBCA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, ló ń fún èèyàn ní ìwé àṣẹ láti wó ilé; LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń rí sí àṣẹ pílánì, ló ń fọwọ́ sí pílánì tuntun. Ẹ lo oṣù tí ẹ fi ń dúró de àwọn ayálégbé láti fi gba ti LASPPPA ná. Ilé àtijọ́ sábà máa ń gba gbogbo ilẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, àmọ́ pílánì tuntun gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí ilẹ̀ tó há, àyè yẹn lè jẹ yàrá méjì. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tí ilé ṣì wà lóòró.