Ìwúwo ọkọ̀ onígbòkun tí ẹ fẹ́ gbé pamọ́ sórí ilẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àjò o. Ẹ ní ẹ wà lókè òkun, ọkọ̀ onígbòkun yín wà nílé, àwọn tó fẹ́ bá yín gbé e pamọ́ sì ní kí ẹ kọ ìwúwo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ìwé àwọn tó kan ọkọ̀ náà sọ pé kílò 3,200 ni, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́. Ìwúwo ọkọ̀ tó ṣófo ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, láìsí omi, láìsí epo, láìsí ẹrù. Bí kiréènì tó máa gbé ọkọ̀ náà bá gbé ju agbára rẹ̀ lọ, ẹ̀mí àwọn tó dúró nísàlẹ̀ ló wà nínú ewu.

Ẹ má sì tún wo tọ́ọ̀nù tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Àyè inú ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò ìyẹn, kò kan ìwúwo rárá.

Kí ẹni tó ń bá yín mójú tó ọkọ̀ náà wọ inú rẹ̀, kó ṣí gbogbo àpótí àti abẹ́ ìjókòó, kó máa ya fọ́tò ránṣẹ́ sí yín. Ti omi ò le: lítà kan, kílò kan. Tánkì omi tó gba lítà 200, bó bá kún, kílò 200 nìyẹn. Dísẹ́ẹ̀lì fúyẹ́ díẹ̀ ju omi lọ, bíi kílò 0.84 ni lítà kan. Ṣéènì ìdákọ̀ró ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Èyí tí irin rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 10 ń wọn bíi kílò 2.3 ní mítà kọ̀ọ̀kan, torí náà mítà 50 rẹ̀ ti lé ní kílò 110. Bátìrì ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ńkọ́? Kó ṣí pákó ilẹ̀ inú ọkọ̀ náà wò, bóyá omi ti dúró síbẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ṣì wà lójú omi, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ìwúwo omi tí ọkọ̀ tì kúrò láyè rẹ̀ ni ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ká ní níbi tí omi dé lára rẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 8, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà 2.5. Ẹ sọ 8 di ìlọ́po 2.5, ó di 20. Torí pé iwájú ọkọ̀ ṣe ṣóńṣó, ẹ mú bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, ó kù bíi mítà onígun mẹ́rin 13. Omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà kan lórí àyè yẹn jẹ́ bíi lítà 130. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo sẹ̀ǹtímítà kan tó bá fi rì sí i, bíi kílò 130 ló ti wọ inú rẹ̀. Bó bá rì ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ju ibi tí àwòrán àwọn tó kàn án fi hàn, kílò 650 ló ti lé sí i, láìsí pé ẹnikẹ́ni kíyè sí i. Àmọ́ kí ẹni yín má fi ojú wo ìlà ọ̀dà tí wọ́n fi sàmì ibi tí omi ń dé lára ọkọ̀ nìkan, torí àwọn tó ń kun ọkọ̀ a máa fa ìlà náà sókè nígbà tí wọ́n bá ń tún un kùn. Kó wọn ọ́n láti etí òkè ọkọ̀ dé ojú omi, níwájú àti lẹ́yìn, lọ́jọ́ tí omi bá dákẹ́.

Síbẹ̀, òṣùwọ̀n ló máa fẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Ọ̀pọ̀ kiréènì ní òṣùwọ̀n lára. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ti yọ ìwúwo bẹ́líìtì àti irin ìgbékọ́ kúrò. Bó bá jẹ́ orí kẹ̀kẹ́ ìfàkọ̀ ló máa wà, kí wọ́n gbé e gun òṣùwọ̀n àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, kí wọ́n tún wọn kẹ̀kẹ́ náà lófìfo, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ rántí pé ìwúwo kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ wà nínú iye tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Títí dìgbà tí wọ́n á fi wọn ọ́n, èmi á fi ìdá kan nínú márùn-ún lé iye inú ìwé, ìyẹn bíi kílò 3,840, màá sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé àfojúbù ni. Bí wọ́n bá ti gbé e sórí ilẹ̀, kí wọ́n ṣí ihò omi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni yín sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn òjò ńlá, torí ewé a máa dí ihò náà.