Bàrákà fẹ́ ka bísínẹ́ẹ̀sì ní Loyola Chicago, ilé ìwé àwọn fadá, ṣé kí n gbà fún un?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ Ìyá Bàrákà ní Matteson, Illinois:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàrákà ọmọ mi máa parí high school lọ́dún yìí, gbogbo wa nílé ti gbà pé nọ́ọ̀sì ló máa kà, àfi bó ṣe jókòó tì mí lọ́jọ́ kan tó ní bísínẹ́ẹ̀sì lòun fẹ́, ó ní Loyola University Chicago ti gba òun, Quinlan School of Business ni wọ́n ń pe ẹ̀ka tó máa lọ. Mo wo owó ilé ìwé, ó lé ní 50,000 dọ́là lọ́dún, àyà mi já. Mo tún wá gbọ́ pé àwọn fadá Jesuit ló ni ín. Mùsùlùmí ni wá, bàbá rẹ̀ ti ní òun ò lè fi owó òun rán ọmọ lọ síbi tí wọ́n á ti sọ ọ́ di Kátólíìkì. Èmi tiẹ̀ tún ń rò ó pé kí ni wọ́n ń fi dígírì bísínẹ́ẹ̀sì ṣe gan-an, ṣebí àwọn tó ń tajà ní Balógun ò lọ yunifásítì kankan. Ẹni tó bá ní ọmọ níbẹ̀, ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìní ní Skokie:

Ìyá Bàrákà, ẹ kú oríire o. Ká tó sọ̀rọ̀ owó tàbí ẹ̀sìn, ọmọ tó jókòó kàwé débi tí yunifásítì fi gbà á, ó yẹ ká kọ́kọ́ kí ìyá rẹ̀. Quinlan yẹn ni Ìní ọmọ mi ti gba dígírì tiẹ̀, accounting ló kà, torí náà púpọ̀ nínú ohun tí mo máa sọ, mo fojú rí i ni. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ, tí iye tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ẹ̀bùn owó kúrò bá jẹ́ iye tí apá yín ká. Ọ̀rọ̀ fadá kọ́ ló yẹ kó dá yín dúró, lóònù ló yẹ kẹ́ ẹ fojú sí.

Ẹ jẹ́ n ti orí ọ̀rọ̀ bàbá Bàrákà bẹ̀rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú kéré ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Nílé lọ́hùn-ún, láyé àwọn bàbá bàbá wa, ọmọ Mùsùlùmí tó bá fẹ́ mọ̀wé, ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù ló máa lọ, Súlè á wọlé, Samuel á jáde, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi kóra jọ l'Ékòó ní 1923 tí wọ́n dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ kí àwọn ọmọ wọn lè kàwé láì fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu bàbá rẹ̀ ò lè ṣàì fura. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ní Loyola yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá. Ní Lake Shore Campus wọn ní Rogers Park, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Damen Student Center, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń jẹun tí wọ́n ti ń bára wọn ṣeré, tẹ́ ẹ bá gun òkè, ẹ máa rí yàrá táwọn Mùsùlùmí ti ń kírun, tàwọn Híńdù wà níbẹ̀, tàwọn Júù náà wà. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bàtà ló tò lọ bẹẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkírun yẹn, àwọn ọmọ ń jáde wọ́n ń wá bàtà tiwọn, ọ̀kan nínú wọn tó wé híjáàbù ti ń sáré àtibá kíláàsì, báàgì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá a pa á dé. Fadá Jesuit tó dá yunifásítì yẹn sílẹ̀ ní 1870, Father Arnold Damen, òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé náà o.

Mi ò ní tan yín, wọ́n máa kọ́ ọ ní tíọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run àti ẹ̀sìn. Gbogbo ọmọ tó bá lọ síbẹ̀, ì báà jẹ́ bísínẹ́ẹ̀sì ló ń kà tàbí sáyẹ́ǹsì, ó gbọ́dọ̀ mú kọ́ọ̀sì tíọ́lọ́jì, filọ́sọ́fì àti ọ̀rọ̀ ìwà tó tọ́. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ìtàn ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, ọmọ á ka ìwé, á kọ èsé, á gba máàkì. Kọ́ọ̀sì lórí Ìsìláàmù wà níbẹ̀, kódà wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Islamic World Studies. Kò sẹ́ni tó máa fipá mú un lọ Máàsì. Ẹ sọ fún bàbá pé Mùsùlùmí kún ibẹ̀, kí wọ́n lọ wò ó fúnra wọn.

Àwọn Jesuit yìí, iṣẹ́ ìwé kíkọ́ ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. 1540 ni póòpù fọwọ́ sí ẹgbẹ́ wọn, Ignatius ará Loyola ló dá a sílẹ̀, ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Ní Amẹ́ríkà nìkan yunifásítì wọn jẹ́ 27, Georgetown ló dàgbà jù, láti 1789, Fordham wà ní New York, Boston College náà wà, gbogbo wọn ló ní ẹ̀ka bísínẹ́ẹ̀sì tó lórúkọ. Nílé, Loyola Jesuit College tó wà l'Ábújá láti 1996, tiwọn ni. (Loyola College Ìbàdàn jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ kan náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe tàwọn Jesuit.) Tẹ́nì kan bá wá bi yín pé kí ló kan fadá nínú ọ̀rọ̀ okòwò, ẹ sọ ti Father Raymond Baumhart fún un. Fadá Jesuit ni, ó lọ gba dókítéètì ní Harvard Business School, ohun tó sì gbájú mọ́ ni bóyá àwọn oníṣòwò ńlá Amẹ́ríkà ń ṣòótọ́, ó bi wọ́n léèrè, ó kọ ohun tó rí sí Harvard Business Review ní 1961. Òun ló wá di ààrẹ Loyola Chicago láti 1970 di 1993. Kọ́ọ̀sì ìwà tó tọ́ wà nínú dígírì bísínẹ́ẹ̀sì wọn, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọmọ tó máa di owó ilé iṣẹ́ ẹlòmíì mú, ó yẹ kí wọ́n ti bi í nígbà tó ṣì wà ní kíláàsì pé tí ọ̀gá rẹ bá ní kó o yí nọ́ńbà pa dà, kí lo máa ṣe.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Balógun. Òótọ́ lẹ sọ, ìyá mi náà ta aṣọ títí tó fi rán gbogbo wa níwèé, kò lọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà títà ni wọ́n ń kọ́ wọn. Dígírì yẹn, BBA ni wọ́n ń pè é, ọdún mẹ́rin, gbogbo wọn á kọ́kọ́ jọ ka accounting, ìṣirò statistics, ọrọ̀ ajé, òfin okòwò, finance, marketing, lẹ́yìn náà kálukú á mú èyí tó fẹ́ jinlẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ dáadáa, torí orúkọ BBA nìkan ò tó, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń gbani síṣẹ́. Tó bá jẹ́ accounting, ẹ mọ̀ pé CPA, láísẹ́ẹ̀sì àwọn akáǹtáǹtì, ló wà níwájú, ohun tí wọ́n sì ti ń béèrè tipẹ́ kí wọ́n tó fúnni ní láísẹ́ẹ̀sì yẹn ni 150 credit (bí wọ́n ṣe ń ka ìwọ̀n kọ́ọ̀sì téèyàn ti kà nìyẹn), BBA sì ń fúnni ní bíi 120, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń ṣí ọ̀nà míì sílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n Ìní fi master's ọdún kan lé tiẹ̀ ní Quinlan níbẹ̀, wọ́n so méjèèjì pọ̀ fún un, ó sì ti ríṣẹ́ kó tó parí. Supply chain, ìyẹn bí ọjà ṣe ń ti ilé iṣẹ́ dé ọwọ́ oníbàárà, náà dáa gan-an fún ọmọ Chicago, torí ibí ni reluwé ńláńlá Amẹ́ríkà ti ń pàdé, O'Hare ń bẹ níbí, ilé ìkẹ́rù-sí sì pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Information systems náà ń bẹ fún ọmọ tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Finance, marketing, human resources, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n dáa, àmọ́ èrò pọ̀ níbẹ̀ tí ọmọ ò bá tètè lọ ṣe internship, ìyẹn iṣẹ́ tí ọmọ ilé ìwé ń ṣe láti fi kọ́ṣẹ́. Ẹ bi Bàrákà pé èwo nínú wọn? Tó bá lè dáhùn, tó sì lè sọ ìdí, á jẹ́ pé ó ti rò ó.

Ilé Quinlan gan-an ò sí ní Rogers Park o, àárín ìlú ló wà, Schreiber Center ni wọ́n ń pè é, 2015 ni wọ́n ṣí i. Reluwé Red Line ló máa ń gbé wọn láti ibùdó Loyola wá síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ló yí i ká, ìyẹn ló jẹ́ kí Ìní lè máa ṣe internship nígbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́. Tó bá fẹ́ máa tilé wá, reluwé Metra Electric ń gbé láti Matteson dé Millennium Station, ṣùgbọ́n ó jìn fún ọmọ tó ní kíláàsì àárọ̀ ní Rogers Park, ẹ jọ rò ó.

Owó ló kù, ẹ farabalẹ̀ ka ibí yìí. 50,000 tẹ́ ẹ rí yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í san gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣe FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba fún ilé ìwé, kíákíá tẹ́ ẹ ò bá tíì ṣe é, ará ìlú àti ẹni tó ní green card ló lè gbà nínú owó ìjọba (ọmọ tó bá ti Nàìjíríà wá pẹ̀lú físà F-1 ò sí níbẹ̀, tiwọn lọ́tọ̀). Pell Grant ni ẹ̀bùn owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ọmọ tí owó ilé wọn ò tó, èyí tó ga jù fún ọdún ìwé 2025 sí 2026 jẹ́ 7,395 dọ́là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Illinois tún ní MAP Grant tí ìpínlẹ̀ ń fúnni, ó sì ṣeé lò ní yunifásítì aládàáni bíi Loyola, àmọ́ owó yẹn lè tán, ẹni tó bá tètè dé ló ń jẹ ẹ́. Loyola fúnra wọn á tún gbé sikọ́láṣípù tiwọn lé e.

Tí létà tí wọ́n fi ń sọ iye owó ìrànwọ́ tí wọ́n fún ọmọ bá wá dé, ẹ ṣọ́ra, torí wọ́n máa ń to gbogbo rẹ̀ sójú kan náà bíi pé ẹ̀bùn ni gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n bá kọ grant tàbí scholarship sí, ẹ̀bùn ni. Èyí tó bá ní subsidized, unsubsidized tàbí PLUS lára, gbèsè ni, ẹ má kà á mọ́ ẹ̀bùn. Lóònù tí ìjọba máa fún ọmọ fúnra rẹ̀ lọ́dún kìíní ò lè ju 5,500 dọ́là lọ, 6,500 lọ́dún kejì, 7,500 lọ́dún kẹta àti ìkẹrin, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27,000. Ìyẹn ṣeé san fún ẹni tó ríṣẹ́ accounting. Èyí tó ń pa àwọn òbí wa ni Parent PLUS, lóònù tí ìjọba ń yá òbí, orúkọ yín ni gbèsè yẹn máa wà, kì í ṣe orúkọ ọmọ. Láti July 1, 2026, wọ́n ti fi gbèdéke sí i fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, 20,000 lọ́dún fún ọmọ kan, 65,000 lápapọ̀. Lójú tèmi, 65,000 lọ́rùn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ òru ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ pé PLUS nìkan ló lè gbé e débẹ̀, ẹ má lọ.

Ọ̀nà míì tún wà tí àwọn èèyàn wa ò mọ̀. Loyola kan náà ní ilé ìwé ọlọ́dún méjì kan, Arrupe College, 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àárín ìlú níbẹ̀ náà ló wà, àwọn ọmọ tí owó ilé wọn ò tó ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì ń ka bísínẹ́ẹ̀sì níbẹ̀, ọmọ á gba associate degree láì jẹ gbèsè tàbí kó jẹ díẹ̀, lẹ́yìn náà á lè kọjá sí yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin. Ọmọ arábìnrin kan ní ìjọ wa gba ibẹ̀ kọjá, ara ìyá rẹ̀ balẹ̀.

Tí létà bá sì dé tí iye tó kù pọ̀ ju agbára yín lọ, ẹ má kàn dákẹ́, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì financial aid wọn, ẹ sọ ohun tó yí pa dà nílé, bóyá wákàtí iṣẹ́ yín ti dín kù tàbí ẹ̀ ń tọ́jú ẹnì kan tó ń ṣàìsàn, ẹ fi ìwé ẹ̀rí sí i, wọ́n láṣẹ láti tún un wò. Ẹ ṣe é kó tó di May 1, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ fi létà yẹn ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín yọ ẹ̀bùn sọ́tọ̀, màá yọ gbèsè sọ́tọ̀, kí ẹ̀yin àti bàbá Bàrákà tó jókòó lé e lórí.