Ṣé awò VR tó ń dí ìmọ́lẹ̀ búlúù ló yẹ kí n rà?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra awò VR tí wọ́n ń ki fóònù bọ̀, èyí tó ń bo ojú tó ń mú kó dà bíi pé èèyàn wà nínú fíìmù, kí n máa fi wo fíìmù. Èyí tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, kò pẹ́ tí mo gbé e wọ̀ tí orí fi ń fọ́ mi, tí òòyì sì ń kọ́ mi. Ẹni tó ń tà á ní ìmọ́lẹ̀ búlúù ló fà á, pé kí n fowó kún owó kí n ra èyí tó ní "anti-blue". Gíláàsì ojú ni mò ń lò nítorí n kì í rí ọ̀ọ́kán. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan kún un. Ìmọ́lẹ̀ búlúù kọ́ ló ń fọ́ yín lórí. Ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù, inú sì ń bí mi, torí owó tí àwọn èèyàn fi òógùn kó jọ ni wọ́n ń fi irọ́ gbà lọ́wọ́ wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Òǹtajà á mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó rí bíi bírò jáde, á tàn án sórí páálí pélébé kan, páálí á mú àwọ̀ búlúù. Á wá gbé lẹ́ǹsì "anti-blue" sáàárín, àwọ̀ ò ní hàn mọ́. Oníbàárà á ní "Ha!", á sì sanwó. Ohun tí òǹtajà ò sọ ni pé ìmọ́lẹ̀ inú tọ́ọ̀ṣì yẹn kì í ṣe irú èyí tó ń jáde lójú fóònù. Ti tọ́ọ̀ṣì sábà máa ń wà ní nǹkan bíi nánómítà 405 (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ àlùkò. Búlúù ojú fóònù wà ní nǹkan bíi 450. Lẹ́ǹsì lè dí ti àkọ́kọ́ pátá, kó sì jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú ìkejì kọjá wọlé.

Ká tiẹ̀ ní ó dí i tán, kí ló kù? Búlúù tí oòrùn ọ̀sán ń tàn sí wa lójú nígbà tí a dúró de ọkọ̀ pọ̀ fíìfíì ju ti fóònù lọ. Ní 2023, àwọn olùṣèwádìí Cochrane, àjọ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó ìwádìí 17 lórí gíláàsì tó ń dí búlúù jọ, wọn ò rí i pé ó dín ojú rírẹ̀ kù fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà, American Academy of Ophthalmology, náà ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á. Àwọn kan á ní ara tu ojú àwọn nígbà tí àwọn dín búlúù fóònù kù lálẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n dín kù lápapọ̀ ló tù wọ́n lára, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín dín ìyẹn kù lọ́fẹ̀ẹ́.

Nísinsìnyí, ohun tó ń ṣe yín gan-an. Ẹ wo dígí, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ọmọlójú ọ̀tún àti ti òsì. Ti àgbàlagbà sábà máa ń tó mìlímítà 63, àmọ́ ti ẹlòmíràn jẹ́ 54, ti ẹlòmíràn sì tó 74. Ọ̀pọ̀ awò VR olówó pọ́ọ́kú ni lẹ́ǹsì wọn dúró sójú kan, kò ṣeé sún. Bí àlàfo lẹ́ǹsì ò bá bá ti ojú yín mu, etí lẹ́ǹsì lẹ óò máa gbà wòran, iṣan ojú á máa fà á kí àwòrán méjèèjì lè di ọ̀kan. Ibẹ̀ ni orí fífọ́ ti ń wá. Ẹ ra èyí tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣeé sún sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó ṣe gíláàsì yín ti wọn àlàfo yìí, PD ni wọ́n ń pè é; ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e wọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ rí i pé ìlà tó pín àwòrán sí méjì lójú fóònù dúró gbọọrọ ní àárín awò náà. Ẹ di ojú kan, ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà láàárín, kí ẹ di ìkejì. Bí ojú kọ̀ọ̀kan bá ríran kedere, ṣùgbọ́n tí ẹ la méjèèjì tí ọ̀rọ̀ wá di méjì, ẹ sún lẹ́ǹsì. Bí kò bá ṣeé sún, ẹ dá a padà fún òǹtajà.

Òòyì yàtọ̀ sí orí fífọ́. Fóònù tí kò ní gyroscope (ẹ̀rọ kékeré inú fóònù tó ń mọ̀ bí fóònù ṣe ń yí) kì í mọ̀ dáadáa pé orí yín ti yí, ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kò sì ní in. Ojú ń sọ tiẹ̀, etí inú ń sọ tiẹ̀, bíi ti ẹni tó ń kàwé nínú mọ́tò tó ń sáré. Ẹ ṣí fídíò 360 lórí YouTube, ẹ gbé fóònù dání kí ẹ yí ara po. Bí àwòrán ò bá tẹ̀ lé yín, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Bákan náà, ẹ wá àmì QR lára awò náà tàbí páálí rẹ̀, kí ẹ fi áàpù Cardboard, ti Google, yà á. Òun ló ń sọ ìwọ̀n lẹ́ǹsì fún fóònù. Google ti dáwọ́ títa awò Cardboard tiwọn, èyí tí wọ́n fi páálí ṣe, dúró ní 2021, àwọn kan lára èyí tó kù lọ́jà sì lè má ní àmì yìí.

Ẹ má bọ́ gíláàsì yín. Lóòótọ́ fóònù wà nítòsí ojú, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì awò náà ń mú kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wọlé bí ẹni pé ọ̀ọ́kán ló ti ń bọ̀. Ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán kò ní rí i kedere. (Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní 40, tó jẹ́ ìwé nìkan lẹ fi gíláàsì kà, ẹ sábà ò ní nílò rẹ̀ nínú VR.) Nítorí náà, ẹ wá èyí tó láyè fún gíláàsì, tàbí èyí tó ní ohun tí wọ́n lè yí lókè kí àwòrán lè hàn kedere. Yíyí yẹn kì í tún astigmatism (àìrí kedere nítorí pé iwájú ẹyinjú ò tẹ̀ dọ́gba) ṣe o.

Fóòmù awò tí ẹ yá, ẹ nù ún kí ẹ tó gbé e sójú; àpólò máa ń gba irú ibẹ̀ ràn. Ẹni tó ní wárápá, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò fojú rí yín, mi ò lè fi ìwé yìí ṣe àyẹ̀wò yín. Bí òòyì bá ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ bọ́ ọ, ẹ má fi agídí wò ó tán. Bí orí bá ṣì ń fọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bọ́ ọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ojú.

Àti pé, ìgbà wo lẹ ti yẹ ojú yín wò gbẹ̀yìn? Bó bá ti lé ní ọdún méjì, àyẹ̀wò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó awò VR ṣe.